Bàtà Òsì Kẹtàdínlógún

Láti aago méje àárọ̀ ni Ìńsípẹ́kítọ̀ Ọ̀ṣunbíyìí ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Bàtà ìsáré ló ń so pọ̀. Ó mú òsì kan, ó ṣí awọ pẹlẹbẹ tó wà nínú rẹ̀, ó ka nọ́ńbà tí wọ́n fi bírò kọ síbẹ̀. Ó wá ọ̀tún tó ní nọ́ńbà kan náà. Ó dá òsì padà sórí ìṣó rẹ̀ lára ògiri, ó to ọ̀tún sísàlẹ̀ rẹ̀. Ó tún mú òmíràn.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Láoyè, tó ni ṣọ́ọ̀bù bàtà náà, ti gbẹ mọ́ ilẹ̀. Ọ̀sán àná ni Alimat, ìyàwó rẹ̀, gbé oúnjẹ wá fún un ní ọjà Olódò, tó bá a nílẹ̀. Òòlù ni wọ́n fi fọ́ ọ lórí. Kò sí owó tó sọnù. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kùn.

"Mà, ẹ jẹ́ ká máa lọ," Sájẹ́ńtì Àyànlàjà sọ láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹni tó ṣe é ti wà ní àtìmọ́lé. Ọ̀la la máa gbé e lọ sílé ẹjọ́."

"Ó ti jẹ́wọ́?"

"Ó kù díẹ̀. Ẹsẹ̀ tó kán yẹn là ń fi kóńdó bá sọ̀rọ̀."

Tìmílẹ́hìn ló ń wí, sárésáré kan ní Ajibode. Láoyè ta bàtà fún un, ó ní ojúlówó ni. Ayédèrú ni, láti China, ó gba Kútọnu wọlé. Lóṣù tó kọjá, ìsàlẹ̀ bàtà náà ṣí lójú ìje, ọrùn ẹsẹ̀ òsì ọmọkùnrin náà sì kán. Dókítà fi P.O.P., símẹ́ǹtì oníṣègùn, dì í láti ìka ẹsẹ̀ dé orúnkún. Ó ní bí nǹkan bá tún kan ẹsẹ̀ náà kó tó jinná, kò ní sáré mọ́ láéláé. Tìmílẹ́hìn dúró láàárín ọjà Olódò, ó sọ létí gbogbo ayé pé òun á pa Láoyè. Ìyẹn ti tó Àyànlàjà.

"Wo ilẹ̀," Ọ̀ṣunbíyìí wí. "Kí lo rí?"

"Ipa ẹsẹ̀ aláwọ̀ ewé mẹ́ta, mà."

"Ẹsẹ̀ wo?"

Àyànlàjà bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Òsì ni gbogbo wọn."

"Ìrísí bàtà hàn níbẹ̀?"

"Ó hàn."

"Báwo ni Tìmílẹ́hìn ṣe ki bàtà bọ P.O.P.?"

Sájẹ́ńtì náà fi kóńdó rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn.

"Láti àná lo ti ń lù ú, o ò sì wo ilẹ̀." Obìnrin náà kò gbé ohùn sókè. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Alimat jókòó lórí àpò tó fi kó àwọn ọ̀tún wá láti ilé. Òsì nìkan ni Láoyè máa ń kọ́ sára ògiri. Ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni ọ̀tún ń gbé. Bí olè bá wọlé, ẹsẹ̀ kan péré ló máa rí kó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta bàtà ní Olódò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ó ku èyí," Alimat wí. Ó na ọ̀tún kan tó ní àwọ̀ eérú sí i. "Nọ́ńbà kẹtàdínlógún. Mi ò rí èkejì ẹ̀, mà."

"Ṣé kò tà á?"

"Kò lè tà á kó má wá gba ọ̀tún lọ́wọ́ mi."

Ọ̀ṣunbíyìí gbójú sókè. Ìṣó kan ṣófo lára ògiri. Abẹ́ ìṣó náà gan-an ni ipa ẹsẹ̀ kẹta wà. Kò sí ìkẹrin.

"Ta ló máa jí bàtà ẹsẹ̀ kan?" Àyànlàjà béèrè.

"Ẹni tó wọ èkejì wá."

Alimat ní mẹ́ta péré ló ti jáde nínú irú bàtà náà. Tìmílẹ́hìn ra ọ̀kan. Olúwaṣìkẹ́mi, tíṣà eré ìdárayá, ra ọ̀kan. Lateef, tí òun àti Láoyè jọ ń kó ọjà náà wọlé, mú ọ̀kan.

Orí pápá ni wọ́n bá tíṣà náà.

"Wọ́n ní ẹ bá Láoyè jà."

"Mo bá a jà dáadáa. Ọgbọ̀n ọmọ ni mo ra irú bàtà míràn fún, mẹ́rìnlá ti ya. Ká ní mo fẹ́ pa á ni, n ò ní wá òòlù. Màá ní kó wọ bàtà ẹ̀ kó máa sáré."

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sókè."

Ìsàlẹ̀ bàtà méjèèjì ti jẹ, wọ́n dán bí àwo.

"Ìgbà wo lẹ rà á?"

"Kò tíì pé oṣù kan àbọ̀. Fóòmù lásán ni, mà. Téèyàn bá fi rìn lọ́sẹ̀ méjì, ìlà ẹ̀ ti tán."

Ní Ajibode, Lateef gbé àga fún wọn. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bí ẹ̀gbọ́n ni Láoyè rí sí mi. Ẹ má dá Tìmílẹ́hìn yẹn sí o, mà."

"Ìgbà wo lo dé Olódò gbẹ̀yìn?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan."

"Bàtà ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?"

"Mo fi ń polówó ọjà mi ni. Ó ti lé lóṣù kan tí mo ti ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, ẹ wò ó, ó ṣì ń dán."

"Bọ́ ọ."

Ọ̀ṣunbíyìí dojú wọn dé. Ìsàlẹ̀ ọ̀tún ti jẹ tán. Ti òsì ṣì ní gbogbo ìlà rẹ̀, bí ó ṣe jáde nínú páálí.

"Ẹsẹ̀ kan lo fi ń rìn ni?"

Lateef rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bóyá bí mo ṣe ń rìn ni, mà."

Ọ̀ṣunbíyìí fa awọ inú ọ̀tún yọ. Nọ́ńbà kẹsàn-án. Ó fa ti òsì yọ. Nọ́ńbà kẹtàdínlógún. Ó mú ọ̀tún tí Alimat fún un jáde, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ Láoyè ló kọ méjèèjì.

Lateef jókòó sílẹ̀.

"Pátákó ni Láoyè ń kùn," ó wí. "Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, 'Ayédèrú ni bàtà wa. Ẹ dárí jì wá.' Látìgbà tẹ́sẹ̀ ọmọ yẹn ti kán ni kò ti gbádùn. Ẹgbẹ̀ta bàtà mi ṣì wà lójú ọ̀nà. Mo ní kó jẹ́ kí n tà wọ́n tán ná. Ó ní kò sẹ́ni tó tún máa kán lẹ́sẹ̀ nítorí òun. Òòlù tó fẹ́ fi kan pátákó ọ̀hún wà nílẹ̀."

"Lẹ́yìn náà?"

"Mo tẹ ọ̀dà. Kò ṣeé nù. Mo mú òsì tuntun lára ògiri. Nígbà tí mo délé, mo fọ ọ̀tún kí wọ́n lè jọra. Gbogbo Ajibode ló mọ bàtà yìí mọ́ mi lẹ́sẹ̀, tí mo bá pààrọ̀ ẹ̀, wọ́n á béèrè. Òkè bàtà ni oníbàárà ń wò, mà. Wọn kì í wo ìsàlẹ̀."

"Pátákó ńkọ́?"

"Mo dáná sun ún, àtòun àti bàtà ọlọ́dà."

"O mọ̀ pé wọ́n ti Tìmílẹ́hìn mọ́lé."

"Mo mọ̀. Mo ra ọsàn lọ kí i láàárọ̀ yìí."

Ọ̀ṣunbíyìí fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. "Ká ní ojúlówó lò ń tà ni, oṣù kan kò ní jẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀ tán. Òsì àti ọ̀tún á dọ́gba, màá sì kọjá lára ẹ."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Tìmílẹ́hìn wọ́ ìdí jáde. P.O.P. náà ti là sí méjì. Ẹsẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ti yí síta. Ọsàn mẹ́fà wà nílẹ̀ sẹ́ẹ̀lì, kò fọwọ́ kàn wọ́n.

"Wọ́n ní ẹ ti mú un."

"A ti mú un."

"Ṣé màá tún lè sáré, mà?"

Ọ̀ṣunbíyìí wo ẹsẹ̀ náà. "Rárá."

Ó jókòó, ó kọ ìròyìn rẹ̀. Ní ìlà tó gbẹ̀yìn, ó kọ orúkọ Àyànlàjà, ó kọ ẹni tó lù àti ibi tó ti lù ú. Ó yí ìwé náà sí sájẹ́ńtì náà.

"Fọwọ́ sí i."

Sájẹ́ńtì náà mú bírò. Ó fọwọ́ sí i.

"Ó yá, pọn Tìmílẹ́hìn. O ò ní sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí o fi máa dé ọsibítù."

Ọ̀ṣunbíyìí ki bàtà ẹ̀rí mẹ́ta náà sápò, ó lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì jáde.