Ẹyẹ tí Màmá Kò Kí Káàbọ̀

Gbogbo lékèélékèé yòókù ló kọjú sí òkè Ẹ̀fọ̀n, níbi tí atẹ́gùn ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ọ̀kan ṣoṣo ló kọjú sí ilé wa.

Àkùrọ̀ ẹ̀yìn ilé ni mo ti ń ro ìdí tẹ̀tẹ̀. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti mú, wọ́n á bo ibẹ̀ bí òwú tí atẹ́gùn tú, wọ́n á máa tẹ̀ lé ọkọ́ mi nítorí kòkòrò. Ẹyẹ yìí kò jẹ kòkòrò. Ó ga jù wọ́n lọ, ó pọ́n bí ìkòkò amọ̀, bó bá sì gbọn ara, iyanrìn funfun á dà sílẹ̀. Mo pe Màmá pé kí wọ́n wá wo èyí tó ṣi ọkọ̀ wọ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ó ń tiro.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Túnmiṣe, ẹ̀gbọ́n mi, ṣe ń tiro látìgbà tí ọ̀kadà ti gbé e ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n. Ọdún kejì rèé tó ti gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíyà, a ò gbóhùn rẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí a jẹ́ káwọn ṣe ìsìn ìrántí. Màmá bi wọ́n pé ìrántí ta ni.

Ní àkùrọ̀ náà, Màmá rọra kí ẹyẹ náà pé ó kú ìrìn. Láràárọ̀, fún ọjọ́ mẹ́fà, ìkíni kan náà ni. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kí i káàbọ̀.

"Ẹni tó ṣì wà lọ́nà là ń kí báyẹn, Bíọ́lá. Bí a bá kí i káàbọ̀, ó ti dé nìyẹn. Èèyàn ni mo bí. Mi ò fẹ́ kó fi ìyẹ́ dé ulé."

Lọ́jọ́ keje, àwọn lékèélékèé gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ọ̀run funfun báláú. Mo wà nílé ìdáná, mò ń ṣa tẹ̀tẹ̀, n kò gbójú sókè. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń tiro bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu mi ló yá.

"Káàbọ̀."

Ẹyẹ náà gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó wọ yàrá Túnmiṣe. Màmá sáré ti ilẹ̀kùn yàrá náà, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn jókòó sílẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

Fóònù mi dún. N kò mọ nọ́ńbà náà. Ohùn Túnmiṣe ni, ó rọlẹ̀ bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo bi í pé níbo ló wà.

"Ulé," ló wí. "Bíọ́lá, ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ mi?"

Màmá kò gbọ́ ohun tó sọ. Wọ́n rọra gbé ẹ̀yìn kúrò lára ilẹ̀kùn, wọ́n wò mí. Wọ́n ní ẹnì kan ń kànkùn láti inú.