Ọwọ́ Tó Ń Yí Wàràkàṣì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Gaspard, ọ̀bẹ ló fi kí mi. Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ na ègé wàràkàṣì kan sí mi níbi ìpàtẹ oúnjẹ ní ìlú Dijon, ó ní kí n má tíì gbé e mì, kí n jẹ́ kó yọ́ lórí ahọ́n mi. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n búrẹ́dì tó fi tì í kò dára. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé ta ni mí tí mo mọ búrẹ́dì tó báyìí.

"Ọmọ oníbúrẹ́dì ìlú Beaune ni mí. Tí o bá jẹ ti bàbá mi lẹ́ẹ̀kan péré, wàá gbàgbé orúkọ wàràkàṣì yìí."

"Mo ti gbàgbé," ló wí. "Sọ orúkọ tìrẹ fún mi dípò rẹ̀."

Mo ní Blandine ni orúkọ mi. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ pamọ́: kí Kérésìmesì ọdún náà tó dé, mo ti mọ̀ pé ọkọ mi nìyẹn. Lórí fóònù, adùn mi ló ń pè mí. Nínú àdúrà, èmi náà a máa kì í níwájú Olúwa: Gaspard ọmọ òkè Jura, ọmọ onímàálù pupa-funfun, ọkùnrin tí yìnyín kò lè lé lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: bàbá mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí màmá mi kú, láti ìgbà náà àwa méjèèjì la jọ ń tọ́jú ilé búrẹ́dì. Mo sọ fún Gaspard pé n kò ní bá a lọ láìjẹ́ pé bàbá mi fọwọ́ sí i. Ó ní ó yé òun.

Ọjọ́ Ajé nìkan là ń ti ìlẹ̀kùn ilé búrẹ́dì látàárọ̀ ṣúlẹ̀; ọjọ́ Àìkú, ọ̀sán nìkan la máa ń tì í. Nítorí náà, nígbà tí ìpàtẹ tún dé nínú oṣù kọkànlá, a wọ ọkọ̀ ojú irin òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé lọ sí Dijon, ká lè padà ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá gbé búrẹ́dì ńlá roboto kan sínú àpò, nítorí kì í jẹ búrẹ́dì ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ nílé bíṣọ́ọ̀bù. Mo ti gbàdúrà kí n tó wọ bàtà. Ọkàn mi balẹ̀.

Gaspard ti gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó gba tábìlì dè wá nítòsí obìnrin tó ń ta ìgbín tí wọ́n fi bọ́tà àti aáyù sè. Bàbá wò ó látòkè délẹ̀.

"Ìwọ ọmọ òkè, ṣé ẹ̀ ń rí oòrùn lọ́hùn-ún, àbí ọjọ́ ọjà nìkan ni wọ́n ń gbé e wá fún yín?"

"Ẹ̀yin ará Beaune lẹ rà á tán, Bàbá. Àjàrà tí ẹ fi ń ṣe wáìnì lẹ kó o fún."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn.

Bàbá gbé búrẹ́dì rẹ̀ kalẹ̀, ó wá tẹ̀ síwájú láti lọ gbé wáìnì. Gaspard fa búrẹ́dì náà mọ́ra. Kí n tó la ẹnu, ọwọ́ rẹ̀ ti yí i, ó ti dojú rẹ̀ dé, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìdí rẹ̀. Bàbá yíjú padà, ó rí i.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í dojú búrẹ́dì dé lórí tábìlì: láyé ọba, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ya búrẹ́dì ẹni tó ń bẹ́ orí ọ̀daràn sọ́tọ̀. Ọmọdé tó bá ṣe é nílé, wọ́n á gbá a lọ́wọ́. Níwájú oníbúrẹ́dì tó fọwọ́ ara rẹ̀ pò ó, èébú ńlá ni.

Bàbá dá búrẹ́dì náà padà sínú àpò. Ó ní kí n dìde, pé ọkọ̀ kan wà láago méjì. N kò dìde.

Gaspard ló dìde. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Igba wàràkàṣì roboto ni mò ń dojú wọn dé lójúmọ́, tí mo sì ń nu ìdí wọn. Tí n kò bá yí wọn, wọ́n á bàjẹ́. Ọwọ́ mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan roboto sílẹ̀ mọ́. Ìrọ̀rí mi pàápàá, mo máa ń yí i."

Obìnrin onígbín bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín fẹ́ gbé bàbá mi náà, ó fi ikọ́ bò ó, ṣùgbọ́n kò jókòó.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bàbá mi, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ búrẹ́dì."

Ìgbà yẹn ló wá jókòó. Ìgbín ló ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní láti èṣí tí òun ti rí mi tí mò ń rẹ́rìn-ín sí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, òun ti ń gbàdúrà kí ọmọkùnrin náà jẹ́ ọ̀lẹ, kí òun lè rí ìdí kọ̀ ọ́. Ó ní tí mo bá lọ, rédíò nìkan ni yóò máa bá òun jẹun.

Mo sọ fún un láìbojú wẹ̀yìn pé mo fẹ́ràn Gaspard, pé òkè Jura kò jìnnà, pé tó bá ní kí n má lọ, n kò ní lọ, n kò sì ní bínú, ṣùgbọ́n n kò ní fẹ́ ẹlòmíràn. Ó yọ búrẹ́dì, ó gé e fún àwa mẹ́ta, a jẹun. Títí di ìrọ̀lẹ́ tí a fi rìn káàkiri ìpàtẹ, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Gaspard ń bá a ru àpò, èmi ń gbàdúrà nínú ọkàn mi.

Gaspard sìn wá dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ dé, mo wọlé. Bàbá gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn, ó dúró, ó yíjú, ó di apá aṣọ Gaspard mú.

"Gaspard," ló wí, "ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, jọ̀ọ́, máa mú ọmọ mi wá kí mi."