Okùn tí Yangji Ń Tú Sílẹ̀

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe Yangji ní kàyéfì ni pé Tenji kò sọ̀rọ̀. Tenji, àbúrò ọkọ rẹ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi lórí òkè Rolwaling! Kùrukùru bo ìdagẹ̀rẹ́ yìnyín náà débi pé okùn nìkan ni Yangji ń rí. Ó ti gbá àáké wọ inú yìnyín bí èèkàn, ó so ara rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń tú okùn sílẹ̀ fún ẹni tó ń sọdá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ẹnì kan á sọdá kí oòrùn tó mú yìnyín rọ̀, èkejì á dúró síbi tó le.

Ní ọdún tó kọjá, ibẹ̀ gan-an ni yìnyín ti ya bo Gyalzen, ọkọ rẹ̀. Wọn kò rí òkú rẹ̀ kí wọ́n sun ún, lámà, àlùfáà wọn, sì ní ẹ̀mí ẹni tí a kò bá sun kì í mọ̀nà lọ. Yangji kò bá a jiyàn. Àárò ọkùnrin náà ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Ife méjì ló ṣì ń bu tíì sí, ẹ gbà mí!

Okùn fà lẹ́ẹ̀mejì: mo ti dé, máa bọ̀. Ó tún wá fà díẹ̀, fẹ́ẹ́. Gyalzen nìkan ló máa ń fa ìkẹta yẹn, "ṣé ebi ò pa ọ́?" ló fi ń bi Yangji, àwọn méjèèjì nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó nawọ́ kó tú ara rẹ̀ kúrò lára àáké.

"Ìyàwó, ta lò ń tú okùn fún?"

Tenji ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan nínú irin eléyín tó ń dè mọ́ bàtà kó má bàa yọ̀ lórí yìnyín wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìdè rẹ̀ ló já, mo lọ tún un ṣe lẹ́yìn àpáta. Mi ò tíì so okùn mọ́ra rárá. Àbí afẹ́fẹ́ ti gbà ọ́ síṣẹ́ ni?" Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu nígbà tó rí bí okùn náà ṣe nà tantan.

Bẹ́ẹ̀ ni òkè bú ramúramù. Gbogbo ìdagẹ̀rẹ́ náà ya, ó wọ́ lọ sísàlẹ̀. Okùn tó wé mọ́ ìbàdí Yangji gbé e ṣánlẹ̀, àáké sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Tenji fa ọ̀bẹ yọ.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e! Ẹ jẹ́ ká fà á! Ẹ̀gbọ́n yín ni!"

"Mo mọ̀," ni Tenji wí, ó ń sunkún, ó sì gé e.

Okùn náà kò lọ bí ohun tó ń ṣubú. Díẹ̀díẹ̀ ló wọ inú kùrukùru, bí ìgbà tí èèyàn bá ń ká okùn rẹ̀ jọ lẹ́yìn iṣẹ́. Yangji ń rá tẹ̀ lé e títí tí Tenji fi dì í mú.