Ọládipọ̀ Gbé Làákàyè Gorí Ìtẹ́

Orí Ọládipọ̀ pé, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ẹnjiníà ni ní Calgary, ní Kánádà. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ọkùnrin yìí ṣì ń bí mi nínú títí dòní.

Abímbọ́lá ìyàwó rẹ̀ bímọ obìnrin, ó sì fẹ́ kí wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní ìjọ Luther tí wọ́n ń lọ ní àdúgbò Cornerstone. Ọládipọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ojú pásítọ̀ ló ti sọ ọ́: "Pásítọ̀, ẹ má bínú, it doesn't make sense. Ọmọ tí kò lè ronú, kí ló fẹ́ fi gbàgbọ́? Gbogbo filọ́sọ́fì tí mo kà, kò síbi tí èyí ti bá a mu." Abímbọ́lá sunkún délé. Ọ̀gbẹ́ni kò tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń wakọ̀ bọ̀ láti ìlú Airdrie, yìnyín orí títì gbé mọ́tò rẹ̀ sọ sí kòtò. Orí tó fi ń yangàn ló fi gbá gíláàsì mọ́tò. Nígbà tó lajú ní ọsibítù, ó pe ìyàwó rẹ̀ ní ṣíbí. Wọ́n ní kó ka ení, èjì, kò lè dé ẹ̀ta.

Díẹ̀díẹ̀ ni iyè rẹ̀ ń sọjí. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ, Adébánjọ, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá kí i. Ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ yẹn ń bí òun náà nínú.

"Dípọ̀, nígbà tí o ò lè ronú, ṣé Jésù kọ̀ ẹ́ sílẹ̀?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló dé tí ìwọ wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ? Ọlọ́run ló fún ẹ ní làákàyè. Fi ṣiṣẹ́, fi ka Bíbélì pàápàá. Ìránṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n o gbé ìránṣẹ́ gorí ìtẹ́, o wá ní kí Ọlọ́run máa wárí fún un."

Ọládipọ̀ bú sẹ́kún, ó ń fa ọ̀rọ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mo ní ọmọ mi ò lè gbàgbọ́. Èmi tí mo lè ronú gan-an ni mi ò gbàgbọ́. Jésù, ṣàánú mi."

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ lọ síbi omi ìrìbọmi. Ahọ́n rẹ̀ ṣì wúwo. "Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló lè fi dá pásítọ̀ lóhùn. Ọmọ sùn lọ ní tiẹ̀. Abímbọ́lá tún sunkún, ti ayọ̀ ni lọ́tẹ̀ yìí.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ìwọ tó ń bá Ọlọ́run ṣe àríyànjiyàn láti inú basement rẹ lábẹ́ ilé? Kristi kú fún ọ, o ní kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀ kí o tó gbà á. Ta ni ọ́? Má fi ọ̀la dá mi lóhùn. Yìnyín ò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn. Ronú pìwà dà lónìí, nígbà tí o ṣì lè rò ó.