Ìwé Tó Ń Pa Ara Rẹ̀ Dé

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ṣì ń mí, ó ń jẹ, ó ń sùn, orí rẹ̀ sì pé. N ò fi iyọ̀ sí i, n ò bu omi là á. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ ṣáà gbọ́ ọ tán ná.

Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó tọ́ ọ dàgbà, ló sọ ọ́ ní Lọ́yà Kékeré, orúkọ náà sì mọ́ gbogbo èèyàn lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n yìí ti rán aṣọ dúdú tí lọ́yà ń wọ̀ lọ sí kóòtù sílẹ̀ dè é. Ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n Lọ́yà Kékeré ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nínú ẹjọ́ àfidánrawò, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rò níwájú olùkọ́ tó bá jókòó bí adájọ́. Bó bá tún fìdí rẹmi, kó kẹ́rù rẹ̀ máa lọ sílé ni. Aṣọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn á wá di oúnjẹ kòkòrò.

Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n fún gbogbo wọn: onílé kan da ẹrù ayálégbé síta, kí wọ́n gbẹnu sọ fún ayálégbé. Kọ̀ǹpútà ilé-ìkàwé kò ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Inú àwọn ìwé ràgàjì tí wọ́n kó ìdájọ́ àtijọ́ jọ sí ni Lọ́yà Kékeré ti lọ ń wá ọ̀nà. Ó rí ìdájọ́ kan tó bá ẹjọ́ náà mu bí aṣọ tí wọ́n wọ̀n sí i lára. Inú rẹ̀ dùn. Ó ṣí i sílẹ̀ lórí tábìlì, ó gbé ike omi lé e, ó lọ jẹun.

Nígbà tó dé, ìwé ti pa dé. Ike omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dúró ṣánṣán.

Ó ṣí i. Ó lọ mú bébà wá. Ìwé ti tún pa dé.

Gígùn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ga bí òpó iná, wà ní tábìlì kejì, ó gbórí lé ìwé tirẹ̀ bí ìrọ̀rí.

"Gígùn, ṣé ìwọ lò ń pa ìwé mi dé?"

"Èmi? Èmi tí n kì í ṣí tèmi?"

"Má bá mi ṣeré o."

"Ebi ṣì ń pa ọ́ ni. Padà lọ jẹun."

Lọ́jọ́ kejì, òjò ń rọ̀. Gbogbo èèyàn ti lọ jẹun ọ̀sán. Lọ́yà Kékeré kò lọ. Ó ṣí ìwé náà, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e. Kí a wá wo ẹni tó máa pa á dé.

Iná lọ. Fáànù rọra yí, ó dúró. Òjò dá wáí, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu.

Kín-ìn. Kín-ìn.

Ó mọ ohùn yẹn. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó ìwé padà sórí pẹpẹ ni. Ó ń bọ̀ láàárín pẹpẹ méjì. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ gan-an.

Ó fẹ́ bojú wẹ̀yìn. Ọrùn rẹ̀ kọ̀.

Ojú ìwé gbéra lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bí àyà ẹni tó ń sùn. Kò fipá. Ó kàn ń gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, jẹ́jẹ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì pa dé bí ìgbà tí wọ́n bá ń pa ojú òkú dé.

Iná dé. Kò sẹ́nì kankan. Kẹ̀kẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé kan ṣoṣo tí eruku bò. Ó ṣí i. Gbogbo ojú ìwé rẹ̀ tutù, àfi ọ̀kan. Ọ̀kan yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí àga tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

Ó kà á. Ìdájọ́ tó gbójú lé ló wà níbẹ̀: kóòtù tó ga jù ti wọ́gi lé e. Ìdájọ́ náà ti kú tipẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ àgbà náà kò fi ayálégbé sílẹ̀ sínú òkùnkùn. Wọ́n sọ ọ̀nà mìíràn tí ì bá gbà jàre.

Ó sáré lọ bá Ìyá Ìwé, olùtọ́jú ilé-ìkàwé, tó ń lẹ ẹ̀yìn ìwé kan tó ti ya.

"Ẹ káàsán, mà. Ta ló ti kẹ̀kẹ́ wá sọ́dọ̀ mi?"

"Ohun tó gbé wá, ṣé ó wúlò?"

"Ó wúlò gan-an, mà. Ṣùgbọ́n ta ni?"

"Ṣé o dúpẹ́?"

"N ò rí èèyàn, mà."

"Ṣé mo bi ọ́ bóyá o rí èèyàn?" Kò gbójú sókè. "Ọmọ mi, ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Lọ ro ẹjọ́ rẹ. Kó o sì padà wá."

Ní ọjọ́ ẹjọ́, Gígùn ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Àṣé ó ti yọjú wo ìwé orí tábìlì Lọ́yà Kékeré. Ìdájọ́ yẹn gan-an ló gbé kalẹ̀.

"Ṣé ìdájọ́ yìí ṣì wà láàyè?" ni olùkọ́ bi í.

"Ó wà láàyè, Olúwa mi. Ara rẹ̀ le koko."

Ẹ̀rín sọ. Gígùn jókòó, ó di kó tún ẹjọ́ rò.

Nígbà tó kan Lọ́yà Kékeré, ó ní, "Ìdájọ́ yẹn ti kú, Olúwa mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó pa á, kí n sì sọ ọ̀nà tó là sílẹ̀." Olùkọ́ yọ awò ojú rẹ̀. Ó fetí sílẹ̀ títí ó fi parí.

Ó yege. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lórí fóònù. "Lọ́yà Àgbà!" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kígbe, ó sì bú sẹ́kún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó padà sí ilé-ìkàwé. Ó kúnlẹ̀ láàárín pẹpẹ méjì.

"Ẹ ṣé," ó ní. "N ò mọ̀ yín. Ẹ gba ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ ìtìjú. Ẹ ṣé gan-an."

Kín-ìn.

Atẹ́gùn tútù fẹ́ kọjá létí rẹ̀. Kín-ìn. Kín-ìn. Kò wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kọjá lọ sí ìdí tábìlì kejì, níbi tí Gígùn ti ń múra ẹjọ́ tó máa tún rò, ó dúró.

Ọjọ́ yẹn ni Gígùn kọ́kọ́ ṣí ìwé tirẹ̀.

"Lọ́yà?" Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Ṣé ìwọ lo pa ìwé mi dé?"

Lọ́yà Kékeré kò dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Má bojú wẹ̀yìn," ó ní. "Kọ́kọ́ dúpẹ́ ná."