Ẹni Tó Táàpù Ló Ń Sọ Ọ́

“Ẹ kúnlẹ̀!” Aǹtí Olúbùsọ́lá, olùkọ́ wọn, pàṣẹ.

Tiwa àti Rónkẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n kojú síra lórí fóòmù tí àwọn tó ń ṣe àga ní Sabon Gari fi tapólì bò fún wọn. Gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń kọ́ jùjítísù kò fẹ̀, fóòmù náà kò sì nípọn. Ìdí nìyí tí Aǹtí kì í fi í gbà kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ ìjàkadì lórí ìdúró. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

“Nílé, mo máa ń kúnlẹ̀ kí ìyá mi,” Rónkẹ́ rọra sọ. “Níbí, mo kúnlẹ̀ kí n lè dá ọ dùbúlẹ̀.”

“Haba! Ẹnu dùn-ún ròfọ́,” Tiwa dá a lóhùn.

Wọ́n gbá àtẹ́lẹwọ́ ara wọn, wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ kan ẹ̀ṣẹ́. Bí wọn kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, ìjàkadì kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kù gìrì mọ́ ẹnì kejì rẹ̀ ṣáájú ìyẹn yóò lọ jókòó ti ògiri.

Ti Sátidé ọjọ́ náà kì í ṣe eré. Àyè ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wọn ní fún ìdíje tó ń bọ̀ ní Àbújá, kò sì sí ọmọbìnrin ẹgbẹ́ wọn tó lọ rí. Àwọn méjèèjì ló kù. Ẹni tó bá borí ló ń lọ.

Tiwa fẹ́ràn jùjítísù nítorí pé bí àlọ́ àpamọ̀ ló rí lójú rẹ̀: kò sí ìdìmú tí kò ní ọ̀nà àbájáde. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, Rónkẹ́ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e láyà, ó gbá apá ọ̀tún rẹ̀ mú, ó sì ń nà án díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ òsì Tiwa ti há. Ìgúnpá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ó wá ọ̀nà títí, kò rí i. Ló bá fi ẹsẹ̀ lu fóòmù lẹ́ẹ̀mejì.

Táàpù nìyẹn: mo gbà fún ọ, fi mí sílẹ̀. Ìbáà jẹ́ ọwọ́, ìbáà jẹ́ ẹsẹ̀, ọ̀kan náà ni. Rónkẹ́ tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Aǹtí ti kọjú sí ọmọ kan, ó ń bá a so bẹ́líìtì rẹ̀. Tiwa rí i pé kò rí àwọn. Kó tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ti yí gbirí, ó ti gun Rónkẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì ti fi kọ́là aṣọ Rónkẹ́ fún ọrùn rẹ̀. Ẹnu ya Rónkẹ́, ó táàpù. Ìgbà yẹn gan-an ni Aǹtí yíjú padà.

“Kai, Tiwa! Kin yi ƙoƙari! O gbìyànjú!” Aǹtí pàtẹ́wọ́. “Àbújá yá!”

Rónkẹ́ kò sọ nǹkan kan. Nínú ẹgbẹ́ wọn, èèwọ̀ ni kí èèyàn ròyìn táàpù ẹlòmíì. Ẹni tó táàpù ló ń sọ ọ́. Ó wo Tiwa fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó lọ mu omi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá Tiwa ń sọ fún gbogbo ẹni tó ya ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé ọmọ òun ń lọ Àbújá. “Alhaji, ’yata za ta je Abuja!” Tiwa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó sá wọlé kí ẹnikẹ́ni tó bi í bó ṣe borí.

Ní Ọjọ́rú, òun àti Rónkẹ́ tún kúnlẹ̀, wọ́n gbáwọ́, wọ́n kan ẹ̀ṣẹ́. Kò pẹ́ tí Rónkẹ́ tún fi mú apá kan náà. Tiwa yára fọwọ́ lù ú nítan lẹ́ẹ̀mejì. Rónkẹ́ dẹwọ́, ṣùgbọ́n kò tú u sílẹ̀.

“Ṣé táàpù nìyẹn?” ó béèrè. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀ rárá. “Ṣé ó dá ọ lójú?”

Àwọn tó jókòó ti ògiri bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Tiwa kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e ni. Apá tí wọ́n ń na síra wọn lójoojúmọ́ láìṣẹ́, ìfọkàntán ló ń dá a sí. Òun ló sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́.

“Ó dá mi lójú,” ó wí. “Ti Sátidé pàápàá dá mi lójú.”

Ó dìde, ó lọ bá olùkọ́ wọn. “Aǹtí, Rónkẹ́ ló borí. Mo ti fẹsẹ̀ táàpù kí n tó gùn ún. Ẹ̀yin ni ẹ ò rí i.”

Aǹtí kọjú sí i dáadáa.

“O mọ̀ pé Àbújá ti lọ nìyẹn?” Aǹtí béèrè.

“Mo mọ̀, mà.”

“Bàbá rẹ tó ti sọ fún gbogbo ayé ńkọ́?”

“Èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn.”

Aǹtí mí kanlẹ̀. “Ìdìmú, mo lè fi oṣù kan kọ́ ọmọ. Èyí tó o ṣe yìí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Rónkẹ́ ló ń lọ, o ò sì ní kópa nínú ìdíje kankan fún oṣù mẹ́ta.”

“Ẹ ṣé, mà.”

Rónkẹ́ pòṣé. “Ta ló máa wá bá mi múra Àbújá? Àwọn tí mo ń gbé ṣubú kí wọ́n tó kúnlẹ̀ tán yìí? Abeg, Tiwa, wá kúnlẹ̀ jọ̀ọ́.”

Nígbà tí Tiwa ròyìn nílé, bàbá rẹ̀ ká ìwé ìròyìn ọwọ́ rẹ̀, ó tún un tú, ó tún un ká.

“Ojú á tì mí díẹ̀ lọ́la,” ó wí níkẹyìn. “Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ìwọ ò jẹ́ kó pé ọjọ́ márùn-ún. Ọmọ mi ni ọ́ lóòótọ́.”

Rónkẹ́ gba ipò kẹta ní Àbújá. Nígbà tó dé, ó gbé àmì-ẹ̀yẹ náà kọ́ Tiwa lọ́rùn kí wọ́n lè ya fọ́tò, Tiwa sì gbórí sókè. Ó ti mọ̀ báyìí pé ìṣẹ́gun tí èèyàn kò lè sọ bó ṣe rí i kì í ṣe ìṣẹ́gun, àti pé ẹni tó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé wọ́n borí òun ti ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè já gbà lọ́wọ́ rẹ̀.