Lébẹ̀lì Tí Bàbá Kíkẹ́ Lè Kà

Ata gígún ló kún irun imú Kíkẹ́lọmọ lọ́jọ́ tí Bámiṣẹ́ kọ́kọ́ rí i. Ó ń sín, ó sì ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ bó ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀bù. Bámiṣẹ́ ló máa ń ṣe lébẹ̀lì ọjà fáwọn èèyàn l'Érúwà. Kíkẹ́ ní òun fẹ́ èyí tóun máa lẹ̀ mára ike ata òun: kí bébà rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, kí lẹ́tà rẹ̀ pupa bí ata tó pọ́n.

Háà, ibi tó ń dun Bámiṣẹ́ gan-an ló fọwọ́ kàn! Láti kékeré ni ojú rẹ̀ kì í ya pupa sọ́tọ̀ lára àwọ̀ ewé. Kò sọ fẹ́nì kankan rí; ta ló máa gbéṣẹ́ fún un mọ́? Ó ṣáà ṣe é bẹ́ẹ̀. Kíkẹ́ sì ń padà wá, ìgbà mìíràn láìní iṣẹ́ lọ́wọ́, títí ìfẹ́ fi dé.

Nígbà tí Kíkẹ́ mú un lọ kí bàbá rẹ̀ ní Lanlate, ata ni bàbá ń ṣà. Ó gbé ike ata Kíkẹ́, tí lébẹ̀lì Bámiṣẹ́ wà lára rẹ̀, wò, ó yí i síwá sẹ́yìn, ojú rẹ̀ le.

"Bébà òfìfo lo lẹ̀ mọ́ ọn. Mi ò lè fọmọ mi fún ẹni tó ń rẹ́ ẹ jẹ."

Omi lé sójú Kíkẹ́. Lẹ́tà náà hàn kedere sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá ni Bámiṣẹ́ ń wò. Bàbá ń tẹ ata lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó mọ èyí tó pọ́n. Bí òun náà ṣe ń rata lọ́jà nìyẹn.

Ó lè tú àṣírí bàbá. Tara rẹ̀ ló tú. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, èmi náà ò rí lẹ́tà yẹn. Ojú mi ni. Ojú ń tì mí ni mi ò ṣe sọ."

Kíkẹ́ ní ìdí nìyẹn tí Bámiṣẹ́ fi ń kọ orúkọ àwọ̀ sára gbogbo ìgò ọ̀dà rẹ̀. Ó di ọwọ́ Bámiṣẹ́ mú.

Lọ́sẹ̀ kejì, Bámiṣẹ́ gbé ike tuntun dé: bébà búlúù, lẹ́tà yẹ́lò, àwọ̀ méjì tí ojú rẹ̀ máa ń yà sọ́tọ̀. Kò tíì wọlé tí bàbá fi dìde lórí àga.

"Ata Kíkẹ́," bàbá kà á sókè. Ó tún un kà. "Orúkọ ọmọ mi ló wà níbẹ̀."

Ó jókòó padà, ó gbé agbọ̀n ata sọ́wọ́ Kíkẹ́.

"Bá wa ṣà á," ó ní. "Bámiṣẹ́, ìgbà wo làwọn ẹbí rẹ ń bọ̀?"